Kíkọ́ Halifax ní 1/72: Ẹ Mọ Ọkọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Kọ́ Kí Ẹ Tó Gé Ike

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí bí a ṣe ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù, irú èyí tí wọ́n fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, ọkọ̀ kan ṣoṣo la máa dì mú: Handley Page Halifax Mark III (ẹ̀yà kẹta ọkọ̀ náà), ní òṣùwọ̀n 1/72. Ìyẹn ni pé mítà 72 lára ọkọ̀ gidi di mítà kan lórí tábìlì yín.

Lancaster, ajubọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré sí. Ọkọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n Halifax kan wà tó kàn wá. Ẹgbẹ́ 76 Squadron ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, tí ibùdó wọn wà ní Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire, kọ "Achtung! The Black Prince" sí imú ọ̀kan nínú àwọn Halifax wọn. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tó ń bá wọn fò, ni wọ́n fi orúkọ náà yẹ́ sí. Ọkọ̀ yẹn la ó máa tọ́ka sí bí a bá ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá mú abẹ́. Ìgbà tí ẹ bá pinnu pé ọkọ̀ báyìí, ti ẹgbẹ́ báyìí, ní oṣù báyìí, ni ẹ fẹ́ kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe kíìtì, ìyẹn páálí ike tí ẹ máa tò pọ̀, kò mọ ọkọ̀ tiyín. Oríṣiríṣi nǹkan tó yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì ló kó pọ̀ sínú páálí kan ṣoṣo, ó wá ní kí ẹ̀yin mú èyí tó bá wù yín. Ẹ má fi ìfẹ́ inú mú un. Fọ́tò ni kẹ́ ẹ fi mú un.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń yí padà. Halifax kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹwàá ọdún 1939, iye tí wọ́n sì ṣe títí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró jẹ́ 6,176. Mark I, Mark II àti Mark V lo ẹ́ńjìnnì Merlin, tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Pátákó ìrù wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, òun ló sì dá wàhálà sílẹ̀: bí ọkọ̀ bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jù, rọ́dà, pátákó ìrù tó ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, á há sí apá kan, awakọ̀ ò ní lè dá a padà. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí pátákó ńlá tó rí bíi lẹ́tà D nìyẹn. Àwọn Mark II àti Mark V kò lè gòkè tó. Ní òru 19 sí 20 oṣù kejì ọdún 1944, nígbà tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Leipzig, ọkọ̀ 78 ni kò padà wálé, 34 nínú wọn sì jẹ́ Halifax. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dáwọ́ fífi Mark II àti Mark V ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Jámánì dúró.

Mark III ló gba ipò wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni Bristol Hercules XVI, onísìlíńdà 14 ní ìlà méjì, agbára ẹṣin 1,615 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì yìí kò lo omi láti tutù, atẹ́gùn ló ń tù ú, nítorí náà imú rẹ̀ rí róbótó. 76 Squadron ń lo Mark V kí wọ́n tó gba Mark III ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Ẹ rí i pé oṣù kan sí ìkejì lè sọ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di nǹkan mìíràn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kíìtì, ẹ gbé fọ́tò síwájú, ẹ wo imú ẹ́ńjìnnì: róbótó ni àbí ṣóńṣó?

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìparí apá. Mark III tó kọ́kọ́ jáde, apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 30.12 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ìparí rẹ̀ sì rí bí ẹni fi ayùn gé e. Nígbà tó yá, wọ́n fa apá náà gùn sí mítà 31.75, wọ́n sì jẹ́ kí ìparí rẹ̀ rí róbótó, kí ọkọ̀ lè gòkè sí i. Ní 1/72, èkíní jẹ́ mìlímítà 418, èkejì jẹ́ mìlímítà 441. Ìyàtọ̀ bíi mìlímítà 11 tàbí 12 ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ojú sì máa rí i láti òdìkejì yàrá. Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú tàbí láti òkè ló ń sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bí fọ́tò imú nìkan lẹ bá ní, ẹ wo ti ọkọ̀ mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ tiyín, tó jáde láti iléeṣẹ́ kan náà.

Ẹ wo abẹ́ ikùn pẹ̀lú. Àwọn kan ní ìgbá ńlá tó bo rédà H2S, àwọn mìíràn ò ní in, ilé ìbọn oníbọn kan ṣoṣo, tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ .50, ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀. Kíìtì lè fún yín ní méjèèjì. Ihò kan náà ni wọ́n ń lò, ẹ ò sì lè lo méjèèjì pọ̀.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa fọ́tò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Halifax tó wà ní Elvington ní Yorkshire lẹ́wà púpọ̀, wọ́n kùn ún bíi "Friday the 13th" ti 158 Squadron, ọkọ̀ tó jáde lọ sójú ogun nígbà 128. Ṣùgbọ́n àkópọ̀ ni. Apá kan lára ara rẹ̀ wá láti erékùṣù Lewis, níbi tí àgbẹ̀ kan ti sọ ọ́ di ilé adìyẹ, apá rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ ti ọkọ̀ Hastings, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun. Ẹni tó bá wọn ìlà pánẹ́ẹ̀lì (ibi tí páálí irin kan ti pàdé èkejì) lára apá láti ibẹ̀, Hastings ló ń kọ́. Ti Hendon ní Lọ́ńdọ̀nù, W1048, jẹ́ Mark II oní-Merlin, láti inú adágún omi kan ní Norway ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1973. Kò wúlò fún ẹ́ńjìnnì tiwa. Èyí tó wà ní Trenton ní Kánádà, NA337, tí wọ́n fa jáde láti inú adágún Mjøsa ní 1995, ló ní Hercules. Fọ́tò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò fún ìbòrí ẹ́ńjìnnì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí páálí.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: ẹ̀mú tó ń gé etí ike, abẹ́ tó mú, ayùn kékeré, ẹ̀mú onímú tẹ́ẹ́rẹ́, sánpépà olómi láti 400, 600, 1000 dé 2000, àti tépù ìbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni gọ́ọ̀mù. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ nílò, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Gọ́ọ̀mù olómi tó ń yọ́ ike ni ti ara ọkọ̀ àti apá. Sùpá-gùlú ni ti irin àti ti resin (ike líle tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dì). Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni ti gíláàsì. Bí ẹ bá fi sùpá-gùlú lẹ fèrèsé, èéfín rẹ̀ á sọ ọ́ di funfun bàìbàì láti inú wá, nígbà tí ẹ bá sì rí i, ẹ ti pa ara ọkọ̀ dé.

Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ gbogbo ike kí ẹ tó gé nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Òróró tí wọ́n fi ń yọ ike kúrò nínú mọ́ọ̀dì máa ń kù lára rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀dà ṣí kúrò pẹ̀lú tépù ní ìparí iṣẹ́. Bí ẹ bá ń gé nǹkan kúrò lára férémù, ìyẹn igi ike tí wọ́n so gbogbo nǹkan mọ́ nínú páálí, ẹ gé e jìnnà sí ara nǹkan náà ní mìlímítà kan, kí ẹ tó fi abẹ́ àti sánpépà parí ìyókù. Ẹni tó gé e mọ́ra ní ẹ̀ẹ̀kan máa ń ya ike wọnú.

Inú ọkọ̀: ẹ má kú síbẹ̀. Nínú Halifax, awakọ̀ jókòó ní òkè lápá òsì, oníwáyálẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́ rẹ̀ níwájú, ẹni tó ń wo máàpù sì wà níwájú oníwáyálẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ bá ti pa ara ọkọ̀ dé, ohun tí ojú ṣì lè rí ni àga awakọ̀, pátákó mítà, àti díẹ̀ nínú imú tí gíláàsì bò. Ẹ lo àkókò yín lórí bẹ́líìtì àga: tépù tí ẹ gé fẹ̀ tó bíi mìlímítà 0.7, tí ẹ kùn ní àwọ̀ kàkí, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀yìn àga. Bẹ́líìtì yìí ni ojú máa kọ́kọ́ rí nínú fèrèsé. Rédíò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ kùn ún dúdú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó ní àwọ̀ eérú gbá a fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó.

Ìpàdé ara ọkọ̀ ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jùlọ. Lára Halifax, ìlà náà gùn tó bíi mìlímítà 300 lórí, ó tún gùn tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́. Ẹ fi tépù so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ gbé e síwájú iná, ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ibi tó bá yọ, nǹkan kan nínú ọkọ̀ ló ń dènà rẹ̀, pátákó ilẹ̀ inú ọkọ̀ ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi sánpépà yọ etí rẹ̀ títí tó fi pa dé láìfi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó mú un, yóò ṣí lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí ẹ ti kùn ún tán.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti ìrù, ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì kan ìlà náà, gọ́ọ̀mù á sá wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ wá fún un pọ̀ títí tí ike yíyọ́ fi yọ jáde bí okùn tín-ín-rín lójú ìlà náà. Okùn yẹn ló ń di ihò dípò pọ́tì, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tí a fi ń dí àlàfo. Ẹ lọ sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tó kàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sílẹ̀. Wákàtí 24 ni àwọn èèyàn máa ń sọ, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí, ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá nígbà òjò. Ìdí rẹ̀ ni pé ike tí gọ́ọ̀mù yọ́ ṣì rọ̀, ó sì ń sún kì bí tínà inú rẹ̀ ṣe ń fò lọ. Bí ẹ bá fi sánpépà yọ́ ọ dán lónìí, yóò dán lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti jìn wọlé, ẹ ó sì rí kòtò gbọọrọ lórí ẹ̀yìn ọkọ̀ lábẹ́ ọ̀dà dúdú. Pọ́tì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá fi sí i nípọn lẹ́ẹ̀kan, òkè rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ẹ fi sí i fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba bọ́dífílà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Ó le ju ike lọ, nígbà tí ẹ bá ń yọ́ ọ, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sánpépà á kọ́kọ́ jẹ, bọ́dífílà á wá yọ gọngọ sókè. Sùpá-gùlú náà ní irú ìwà yìí bí ó bá sùn mọ́jú. Bí ẹ bá fi dí ihò, ẹ yọ́ ọ láàárín wákàtí kan.

Ẹ fi àwọ̀ fàdákà kun ìlà náà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ́ ọ tán. Fàdákà kì í bo àṣìṣe, gbogbo ihò ló máa ń tú fó. Ohun tó bá jẹ́ ìlà pánẹ́ẹ̀lì tó parẹ́ níbẹ̀, ẹ tún un fín pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹ ti bọ inú igi kékeré kan, kí tépù líle jẹ́ rúlà fún un. Ẹ fà á ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fín in lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Kíìtì àtijọ́ ti iléeṣẹ́ Airfix, tó jáde ní 1961, kún fún ìṣó tó yọ sókè kárí ara. Ní 1/72, ìṣó wọ̀nyẹn ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi sánpépà yọ́ gbogbo wọn kúrò, ẹ má sì káàánú wọn.

Apá wá kàn. Nítorí pé apá yìí gùn, ẹ̀gbẹ́ kan lè ga ju èkejì lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ títí tí ẹ ó fi gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ara ọkọ̀ sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ fi ìwé tàbí páálí gbé apá méjèèjì sókè bákan náà, ẹ fi rúlà wọn ìparí apá sí tábìlì lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ tún fi okùn wọn ìparí apá kọ̀ọ̀kan sí ìparí ìrù, méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Àlàfo tó bá wà ní ìdí apá, ẹ fi pẹlẹbẹ ike 0.25 mìlímítà kún un kí ẹ tó ronú pọ́tì, torí pọ́tì níbẹ̀ máa ń là nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè. Pátákó ìrù méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kí wọ́n sì wo iwájú bákan náà. Ẹ gé páálí ní igun 90, ẹ fi ti wọ́n títí tí gọ́ọ̀mù á fi mú.

Halifax kò nílò òkúta tàbí òjé ní imú, torí ìrù rẹ̀ ló ń sọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà bíi B-24 àti B-25, tí táyà wọn kan wà lábẹ́ imú, ló nílò rẹ̀.

Níbi ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, torí òun ni ojú ọkọ̀ yìí. Sìlíńdà méje ló wà ní ìlà iwájú, méje ní ẹ̀yìn. Ìlà iwájú nìkan ni ojú ń rí dáadáa. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ eérú tó ṣú, ẹ fi ọ̀dà dúdú tí ẹ ti fi tínà là wọ àárín àwọn lẹ́bẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀, ẹ fi fàdákà díẹ̀ gbá orí wọn. Nǹkan kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì. Etí iwájú ìbòrí ẹ́ńjìnnì Hercules, òrùka yẹn, kì í ṣe irin lásán. Òun gan-an ni páìpù tó ń kó èéfín jọ, torí iwájú ni èéfín ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Iná ti jó o, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dúdú bíi ìyókù ìbòrí. Ẹ pò àwọ̀ bàbà mọ́ ti irin tó jóná, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ nínú àwọ̀ ìpẹtà kún un. Páìpù èéfín tó wá láti ara òrùka náà tún gba àwọ̀ kan náà.

Ìbòrí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wo iwájú gbọọrọ. Ẹ bọ igi tín-ín-rín tàbí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sí ihò àárín wọn nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì rọ̀, ẹ wò wọ́n láti òkè, àwọn igi náà gbọ́dọ̀ dọ́gba bíi ìlà ìwé.

Pùròpẹ́là: abẹ mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 3.96 lára ọkọ̀ gidi, bíi mìlímítà 55 tiwa. Ẹ́ńjìnnì Bristol ń yí sí òsì bí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, Merlin ń yí sí ọ̀tún. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ yá pùròpẹ́là Lancaster oní-Merlin fún Halifax yìí bí tiyín bá kán. Bí abẹ rẹ̀ ṣe yí lòdì, ẹni tó mọ̀ á rí i. Ẹ má lẹ̀ wọ́n pa. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n wọlé lásán, wọ́n á ṣeé yọ.

Fún gíláàsì, ẹ rì í sínú fánníṣì akiríliki dídán, ẹ fi igun ìwé ìnuwọ́ gba ẹ̀kán tó bá kù nísàlẹ̀, ẹ da nǹkan bò ó kí erùpẹ̀ má bà lé e, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi tépù bò ó, ẹ fi abẹ́ tuntun gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Abẹ́ tó ti kú ló ń fa ọwọ́ yín lọ síbi tí kò yẹ. Àwọ̀ inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn sórí tépù náà, kó tó di dúdú, kí ẹni tó bá yọjú wo inú lè rí àwọ̀ tó yẹ lẹ́yìn férémù.

Ìbọn mẹ́sàn-án ni, yàtọ̀ sí ti abẹ́ ikùn bí ọkọ̀ yín bá ní in: mẹ́rin nínú ilé ìbọn òkè, mẹ́rin ní ìrù, ọ̀kan ní imú. Ti kíìtì máa ń nípọn bí igi ìdáná. Abẹ́rẹ́ gáájì 27 tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fẹ̀ tó mìlímítà 0.4, ó sì ní ihò lẹ́nu. Ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta gé e yí po, ẹ kán an. Ẹ má fi ẹ̀mú gé e, torí ẹnu rẹ̀ á pa dé. Ẹ wọ gíláàsì ojú, torí ìkékù abẹ́rẹ́ máa ń fò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí di ìparí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀dà. Òkè ọkọ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé tó ṣú, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Dark Earth àti Dark Green. Abẹ́ ọkọ̀ jẹ́ dúdú, Night ni wọ́n ń pè é, ó sì gùn sókè gan-an ní ẹ̀gbẹ́ ara ọkọ̀. Ẹ má lo dúdú kíkì. Ní 1/72, dúdú kíkì máa ń gbé gbogbo ohun tí ẹ fín mì. Bíi ìdá mẹ́wàá dúdú sí ìdá kan tàbí méjì àwọ̀ eérú dára, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó túbọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ fún àárín àwọn pánẹ́ẹ̀lì. Fún ààlà àwọ̀ ilẹ̀ àti ti ewé, ẹ ṣírò rẹ̀: bí ààlà náà bá rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 lára ọkọ̀ gidi, mìlímítà 0.35 ló jẹ́ lára tiyín. Airbrush (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi atẹ́gùn fọ́n ọ̀dà) lásán kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yí pọ́tì aláàtè tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri gbọọrọ, ẹ fi pààlà, kẹ́ ẹ sì fọ́n ọ̀dà láti òkè tààrà.

Ọ̀dà akiríliki, ẹ fi tínà tirẹ̀ là á títí tó fi ṣàn bíi wàrà, ẹ lo agbára atẹ́gùn 15 sí 20 psi, ẹ dúró sí bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Bí ó bá ń rí hàrọ̀hàrọ̀ bí iyanrìn, ó ti gbẹ kó tó dé ara ọkọ̀: ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ là á sí i. Bí ó bá ń sá kiri bí aláǹtakùn, ó ti pọ̀ jù, tàbí ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Tínà tí wọ́n ń kun mọ́tò ń jẹ ike. Ẹni tó bá dá a lórí iṣẹ́ á rí i pé ìlà pánẹ́ẹ̀lì ti yọ́.

Ojú ọjọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sọ níbí. Nígbà òjò, bí ẹ bá fọ́n fánníṣì oní-tínà, tínà tó ń fò lọ máa ń tu ojú iṣẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ ọn, dúdú yín á di funfun bàìbàì bí ẹni bu eérú lé e. Ẹ dúró di ọ̀sán tí oòrùn yọ, ẹ má sì fọ́n ún nígbà tí òjò ń rọ̀. Ọyẹ́ dára fún gbígbẹ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń bà lé iṣẹ́ tútù. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ nínú yàrá, kí ẹ sì da ike bo ọkọ̀ náà ní kété tí ẹ bá fọ́n ún tán. Ní ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ kún táǹkì rẹ̀ nígbà tí iná wà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, afẹ́fẹ́ táǹkì náà á jẹ́ kẹ́ ẹ parí apá kan.

Kí ẹ tó lẹ sítíkà olómi, ẹ fọ́n fánníṣì dídán. Ọ̀dà tí kò dán kún fún òkè àti ihò kéékèèké. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ sítíkà níbẹ̀ ló ń tàn bíi fàdákà, lórí dúdú sì rèé, kò ṣeé fi pamọ́. Ẹ fi sítíkà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ gbé e sórí ìwé ìnuwọ́ títí tó fi ń yọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tì í. Bí ẹ ò bá rí omi ìrọ̀-sítíkà rà, fínígà funfun tí ẹ fi omi là ní ìdajì lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí sítíkà tí ẹ kò ní lò.

Òrùka méjì, pupa àti búlúù, ló wà lórí apá. Ti ẹ̀gbẹ́ ara ọkọ̀ ní òrùka yẹ́lò pẹ̀lú. Abẹ́ apá kò ní nǹkan kan, torí òru ni wọ́n ń fò. Lẹ́tà 76 Squadron ni MP, pupa tó ṣú, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ọkọ̀. "Achtung! The Black Prince" ni ẹ ó ṣe fúnra yín. Ẹ wọn bó ṣe gùn tó nínú fọ́tò nípa fífi wé nǹkan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ sì fa lẹ́tà náà bó ṣe wà níbẹ̀. Ẹ má lo lẹ́tà kọ̀ǹpútà tó kàn jọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán kì í tẹ funfun, nítorí náà, bí lẹ́tà bá mọ́lẹ̀ lórí ara dúdú, ẹ lo ìwé sítíkà tí ìdí rẹ̀ funfun, kẹ́ ẹ tẹ dúdú tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀dà yín yí lẹ́tà náà ká, tàbí kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì 000 kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníńkì olómi, ẹ fọ́n fánníṣì lé ìwé náà ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó kan omi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ.

Ẹ tún fọ́n fánníṣì lé e lórí, kí ẹ wá fi ọ̀dà olóróró tí ẹ fi white spirit là wọ ìlà pánẹ́ẹ̀lì. Lára dúdú, àwọ̀ eérú la máa ń lò, dúdú lórí dúdú kì í hàn. Ẹ nù ún sí apá ibi tí atẹ́gùn ń gbà lọ, láti iwájú sí ẹ̀yìn. Fánníṣì aláìdán ló ń gbẹ̀yìn.

Ẹ lẹ ìbọn, ẹ lẹ ilẹ̀kùn táyà. Ẹ fi sánpépà yọ bíi ìdajì mìlímítà kúrò nísàlẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, kó lè dà bí ẹni pé ọkọ̀ wúwo. Fún wáyà eriali, ẹ yí igi férémù lórí àbẹ́là títí tó fi rọ̀, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á já. Ẹ lẹ ẹnu kan, ẹ dúró kó gbẹ, ẹ fà á le kí ẹ tó lẹ èkejì. Bí ó bá ṣì dẹ̀, ẹ gbé àwókù igi ìṣáná tó ṣì ń pọ́n sún mọ́ ọn láìfọwọ́ kàn án, á sún kì fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn, ẹ yọ pùròpẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọ̀rá, ẹ di ọkọ̀ náà mú ní ìdí apá, ẹ má dì í mú ní ìparí apá. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ pa dé lábẹ́ oòrùn. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ìrù àti ti ẹsẹ̀ táyà lè tẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá sì ti tẹ̀, apá kan á wolẹ̀ ju èkejì lọ.